Iná Ìjà Kì Í Ṣe Iná Ilé Ìdáná

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, rògbòdìyàn ààlà ilẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú méjì tí ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ẹ̀mí bọ́, ilé jóná, títí tí Gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Adémọ́lá Adélékè, fi kéde kónílé-ó-gbélé. Ìjọba lè kó ọlọ́pàá àti sójà dà sígboro. Kì í ṣe ìyẹn ló máa kan òrùlé padà.

Onílé tó bá ń fọkàn balẹ̀ pé òun ní ìwé adójútòfò iná, kó tún un kà. Iná tí ìwé bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni èyí tó ṣèèṣì ṣẹ́ yọ: wáyà tó ṣáná, àrá tó sán, gáàsì ìdáná tó bú. Èyí tí jàǹdùkú dìídì sọ sílé lọ́jọ́ ìjà kì í sábà sí níbẹ̀, àfi kí onílé fowó kún owó kí wọ́n fi rògbòdìyàn àti ìbàjẹ́ àmọ̀ọ́mọ̀ṣe kún un. Nígbà tí wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì l'Ékòó ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, lásìkò ìwọ́de EndSARS, àfikún yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ogun abẹ́lé àti ọ̀tẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń yọ kúrò. Ìjà ìlú sí ìlú ńkọ́? Kí onílé béèrè, kí ilé-iṣẹ́ náà sì dáhùn lórí ìwé. Ìdáhùn orí fóònù ò tó, bó ti wù kí ẹnu aṣojú wọn dùn tó.

Ilé àtìpa tún lọ́rọ̀ tiẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú méjèèjì tó wà l'Ékòó tàbí lókè òkun ló kọ́lé sílé, tó jẹ́ pé ó di Iléyá tàbí Kérésì kí wọ́n tó ṣí i. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò iná ló sọ pé bí ilé bá ṣófo kọjá 30 ọjọ́, láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà gbà bẹ́ẹ̀, ààbò ti dópin.

Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ilé tó ńkọ́? Sìmẹ́ǹtì tí àpò rẹ̀ kò tó ₦4,000 ní 2020 kọjá ₦10,000 láwọn ibì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Bí àtúnkọ́ ilé bá máa gba ₦40 mílíọ̀nù, tí onílé kọ ₦20 mílíọ̀nù, tí iná wá ba ₦10 mílíọ̀nù jẹ́ níbẹ̀, ₦5 mílíọ̀nù ni wọ́n máa san, torí ìdajì iye ilé ló kọ sílẹ̀. Owó àtúnkọ́ ni kó kọ, kó yọ owó ilẹ̀ kúrò; ilẹ̀ kì í jóná.

Ìwé onílé kò kan ẹrù ayálégbé. Kí ayálégbé gba tiẹ̀. Ẹni tó ra fúláàtì kan ṣoṣo nínú ilé alájà púpọ̀ náà ní láti mọ ibi tí ìwé ẹgbẹ́ àwọn onífúláàtì dúró sí, kó tó mọ ohun tó kù fún òun láti dáàbò bò nínú ilé.

Òfin adójútòfò ti là á mọ́lẹ̀ pé láìsan owó, kò sí ààbò. Kí onílé gba rìsíìtì, kó wádìí lọ́dọ̀ NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàmójútó iṣẹ́ adójútòfò, bóyá ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ. Kó ya fọ́tò gbogbo yàrá, kó fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ sí ẹbí kan tí kò gbé ìlú náà.