Òṣùwọ̀n Wo Ni A Fi Wọn Pápákọ̀ Òfurufú Ọ̀ṣun?

Ní Treichville, ní ìlú Abidjan, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Èjìgbò tó ń lọ sílé ṣì ń wọ bọ́ọ̀sì. Noé, Aflao, Hillacondji, Sèmè: ẹnubodè mẹ́rin ni wọn yóò là kọjá kí wọ́n tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ pápákọ̀ òfurufú Abidjan kò jìnnà sí wọn, Port-Bouët nítòsí níbẹ̀ ló wà. Ẹrù pọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n, ẹni tó bá sì balẹ̀ sí Èkó ṣì ní títì gígùn níwájú. Bí pápákọ̀ Ọ̀ṣun yóò bá wúlò fún ẹnikẹ́ni, irú àwọn wọ̀nyí ni.

Kí la wá rí? Ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó kógbá sílé ní 2018, fi orúkọ MKO Abíọ́lá sọ pápákọ̀ Ìdó-Ọ̀ṣun, kò sì parí rẹ̀. Ìjọba Adélékè pinnu láti gbé e lọ sí Ẹdẹ, ìlú gómìnà fúnra rẹ̀; àwọn ará Ìdó-Ọ̀ṣun fárí gá. Gbogbo ariwo wa kò ju ibi tí a ó kọ́ ọ sí lọ. Ta ló béèrè iye bàálù tí yóò máa balẹ̀ níbẹ̀ lóòjọ́?

Àwọn ará Treichville mọ irú ìtàn yìí. Ààrẹ Houphouët-Boigny kọ́ pápákọ̀ sí Yamoussoukro, ìlú tí wọ́n bí i sí, tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí Concorde lè balẹ̀ síbẹ̀. Concorde o! Ìlú náà di olú-ìlú lábẹ́ òfin ní 1983, síbẹ̀ Abidjan ni àwọn arìnrìn-àjò ń lọ wọ bàálù.

Pápákọ̀ kì í ṣe gbọ̀ngàn àríyá. Ìbáà jẹ́ bàálù kan ṣoṣo ló balẹ̀ lóòjọ́, panápaná gbọ́dọ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀, ẹni tó ń darí bàálù gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ máa mu epo. Ìnáwó yìí kì í dín kù. Ọ̀pọ̀ èrò nìkan ló lè pín in fúyẹ́. Nítorí náà, iye bàálù tó ń balẹ̀, iye ìjókòó tí èrò wà, iye ìṣẹ́jú tí bàálù fi dúró nílẹ̀ kó tó tún gbéra, òṣùwọ̀n nìwọ̀nyẹn. Ẹ fi iná alẹ́ kún un. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ abẹ́lé wa ló ń tilẹ̀kùn bí oòrùn bá ti wọ̀, nítorí pé kò sí iná lójú pápá. Bàálù tó bá pẹ́ ní Èkó lọ́sàn-án, ìrìn-àjò ọjọ́ yẹn bàjẹ́ nìyẹn. Owó iná bẹ́ẹ̀ kò sì sún mọ́ owó pápákọ̀ tuntun rárá.

Wọn yóò ní gbogbo aládùúgbò wa ló ní tirẹ̀. Òótọ́ ni: Ìbàdàn ní, Àkúrẹ́ ní, Ìlọrin ní, Èkìtì sì ṣí tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2022. Èrò kan náà ni gbogbo wọn ń dù. Èyí gan-an ló yẹ kó dẹ́rù bà wá.

Kí ìjọba Ọ̀ṣun gbé ìwé jáde kó tó ná kọ́bọ̀ mìíràn: iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú wo ló ti buwọ́ lùwé, bàálù mélòó lọ́sẹ̀, ta ni yóò san àdánù? Bí kò bá sí ẹni tó buwọ́ lùwé, kí wọ́n fi owó náà tún títì tó wọ Èjìgbò ṣe, nítorí orí rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì Treichville ń gbà dé.