Ìbọn Wo Ló Yẹ Kí Ó Wà Nínú Ilé?

Lónìí, a kò ní tú ẹsẹ odù kankan palẹ̀. Ọ̀ràn kan ni ó wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ sọ èrò mi lé lórí, nítorí pé ọ̀ràn Ògún ni, ọ̀ràn ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú.

Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, baálé ilé kan tí ó kọ́lé sí ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn wá sí ọ̀dọ̀ mi. Olè ti wọ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún kan. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó sì wí pé: “Bàbá, ẹ bá mi bi Ifá wò, ìbọn wo ni kí n rà sílé?” N kò fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó bá rántí ohun tí ojú àwọn olùjọsìn rí ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ọ̀wọ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, kò ní sọ pé ẹ̀rù tí ń ba àwọn ènìyàn jẹ́ ẹ̀rù asán. Bí ewu kò bá sí, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá kì bá tí dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020.

Ṣùgbọ́n èsì tí mo fún un ni mo fẹ́ fún yín pẹ̀lú, láìfepo-bọyọ̀: ìbọn tí ènìyàn bá lè jíhìn rẹ̀ nìkan ni kí ó mú wọlé. Yóò jíhìn rẹ̀ níwájú òfin, yóò jíhìn rẹ̀ níwájú Ògún, yóò sì jíhìn rẹ̀ níwájú àwọn tí wọ́n ń sùn nínú ilé náà. Èyí tí kò bá lè jíhìn rẹ̀, bó ti wù kí ó lágbára tó, ewu tuntun ni ó fi owó ara rẹ̀ rà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi òfin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ni ó ṣì ń darí ọ̀ràn yìí ní Nàìjíríà, ó sì pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àwọn tí a kà léèwọ̀: ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn àwọn ológun, àti ìbọn ìléwọ́. Kò sí ẹni tí ó lè ní wọn láìgba àṣẹ Ààrẹ. Ọ̀nà kejì ni ìbọn ti ara ẹni. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí a ń fi ọwọ́ ki ọta sí wà nínú rẹ̀, ìbọn atẹ́gùn náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ́pàá ni ìwé àṣẹ wọn ti ń wá. Ọ̀nà kẹta ni ìbọn tí a ń ki láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àwọn bàbá wa. Òun náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń wo àwọn fídíò ará Amẹ́ríkà kí ó fi èyí sọ́kàn. Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ wọn pinnu pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn ìléwọ́ nínú ilé rẹ̀ fún ààbò. Nítorí náà ni àwọn olùkọ́ wọn ṣe ń yin ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí ń dáàbò bo ilé. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ lọ́hùn-ún, ẹ̀wọ̀n ni níhìn-ín. Bákan náà ni ìbọn “pump-action”, tí àwọn kan rò pé ó bófin mu nítorí pé wọ́n ń rí i lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Òfin yọ ìbọn tí ó ní ẹ̀rọ àtúnkì kúrò nínú ìbọn ti ara ẹni. Nígbà tí àwọn aṣọ́bodè gba 661 irú rẹ̀ ní Èkó ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ẹrù òfin ni wọ́n pè é. Ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìní ìwé àṣẹ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10. Báwo ni ẹni tí ó wà lẹ́wọ̀n yóò ṣe ṣọ́ ilé rẹ̀?

Ìwé àṣẹ náà kì í sì í ṣe ọ̀ràn owó lásán. Òfin ní a kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàrin ọdún 5 sẹ́yìn. Ẹ wò ó bí ó ti jọ ohun tí àwọn àgbà ọdẹ ń wò kí wọ́n tó gbé ìbọn lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìwà ni wọ́n ń wò, ojú ni wọ́n ń wò, ọtí ni wọ́n sì ń ṣọ́.

Bí òfin bá ti yọ gbogbo ìwọ̀nyí kúrò, méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ohun tí ó kù tí ará ìlú lè yàn. Àkọ́kọ́ ni ṣakabùlà. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ìbọn inú ilé ni. Ó di kí a da ẹ̀tù sí i, kí a fi ọ̀pá gún un, kí a kó ọta sí i, kí a tó lè yìn ín, ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò sì dún. Bí a bá kì í sílẹ̀ de olè, ọ̀rinrin lè ba ẹ̀tù náà jẹ́ lákòókò òjò, a kò sì lè tètè tú u. Èyí tí a kò rọ dáadáa lè bẹ́ mọ́ ẹni tí ó dì í mú lọ́wọ́. Igbó ni a dá a fún.

Ìkejì ni ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí àwọn ọdẹ ń pè ní dọ́bù-bárẹ́ẹ̀lì. Bí ẹnìkan bá gbọ́dọ̀ ní ìbọn nínú ilé ní ilẹ̀ wa, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́, òun ni èmi yóò fọwọ́ sí. Kì í ṣe nítorí agbára rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ẹni tí ó mú un lè ṣẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó wo ojú ihò méjèèjì, kí ó sì mọ̀ dájú bóyá ọta wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ìbọn tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó ń pa ọmọ ẹni.

Ẹ má ṣe gba ẹni tí ó bá sọ pé ọta wẹ́wẹ́ ń fọ́n ká débi pé a kò nílò láti wo ibi tí a ń yìn ín sí. Nínú yàrá, kò tíì ráyè fọ́n ká rárá. Ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ yóò bá. Ọta ńláńlá sì ń la ilẹ̀kùn pákó àti àjà kọjá. Nínú ilé olójúkojú, níbi tí pákó lásán ti pín yàrá sí méjì, ibùsùn aládùúgbò ni ó lè parí ìrìn rẹ̀ sí.

Ibi tí ìbọn yóò máa sùn ńkọ́? Inú àpótí irin tí a tì ni, kí ọta rẹ̀ wà ní ibòmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn kan yóò sọ pé, bí a bá tì í pa, olè yóò ti wọlé kí a tó mú un jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tì í pa yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mú un. Ẹni tí kò bá tì í pa, ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú un. Ẹni tí kò bá lè gba àdéhùn yìí, kí ó má rà á.

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Ògún ní Ìrè. Ó ti ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn ènìyàn níbi àjọ tí a kò ti gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Ó kí wọn, wọn kò dáhùn. Ó gbé agbè ẹmu, ó ṣófo. Ó ka ìdákẹ́jẹ́ wọn sí àfojúdi, ó fa idà yọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó rí i pé ará ilé òun ni òun pa. Àwọn ọmọ wa ní Kúbà, àwọn onísìn Lùkùmí, sì ní ìtàn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì tí ẹnìkan jí ẹyẹ rẹ̀ gbé nínú ilé. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ọfà òun bá ọkàn olè náà, ọfà sì bá a. Ìyá rẹ̀ ni, tí ó wọlé mú ẹyẹ náà láìmọ̀ pé ẹrù ẹlòmíràn ni.

Irin kan ṣoṣo ni Ògún àti Ọ̀ṣọ́ọ̀sì jọ ń gbé, ìtàn wọn sì jọra. Akíkanjú ni àwọn méjèèjì, ọwọ́ wọn kò sì tàsé. Ohun tí wọ́n kò dúró ṣe ni láti mọ ẹni tí ó wà níwájú wọn. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí òrìṣà, kí ni èmi àti ìwọ yóò wí, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ta jí lóru?

Ilé ọdẹ ni a bí mi sí. Ní òru ọjọ́ kan, ẹnìkan fo ògiri wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Bàbá mi mú ìbọn, ó bèèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé, “Ta nìyẹn?” Kò sí ìdáhùn. Bí ó bá yìn ín, kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Kò yìn ín. Ó ní kí ìyá mi gbé fìtílà wá. Ẹ̀gbọ́n mi ni, tí ó lọ wo ijó láìgba àyè, tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó lanu. Bàbá mi kò nà án. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ìbọn náà sí ẹ̀gbẹ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ olórí ọdẹ. Ìbọn kò sùn nínú ilé wa mọ́ títí bàbá mi fi wọ káà ilẹ̀.

N kò sọ pé kí onílé káwọ́ gbera kí olè máa kó o lẹ́rù. Òfin ìwà ọ̀daràn tí ó wà ní gúúsù Nàìjíríà gbà á láàyè láti lo agbára tí ó tọ́ láti dá ẹni tí ó ń fipá jálẹ̀kùn dúró. Ìwọ̀n ni ó gbà á láàyè láti lò, kì í ṣe ìbínú. Bí ogiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kí a tó náwó lé ìbọn, ǹjẹ́ ilẹ̀kùn wa gba ìtì? Ǹjẹ́ irin wà lójú fèrèsé? Ṣé ajá wà níta, ṣé iná wà lẹ́yìnkùlé? Ṣé a mọ orúkọ aládùúgbò wa, tí yóò jáde bí a bá ké? Ṣé nọ́ńbà àwọn ọdẹ àdúgbò wà lórí fóònù wa? Gbogbo ìwọ̀nyí ń ṣọ́ ilé nígbà tí a bá sùn. Ìbọn ní tirẹ̀ ń dúró kí a kọ́kọ́ jí.

Ẹ̀yin awo ẹlẹgbẹ́ mi náà, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má ṣe ta àyẹta fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kí ẹ sì ní kí ó lọ dojú kọ adigunjalè. Bẹ́ẹ̀ ni Ifá tí a dá kò lè dípò ìwé àṣẹ.

Baálé ilé yẹn ti fi irin sí fèrèsé rẹ̀, ó ti ra ajá méjì, ó sì ń lọ sí ìpàdé àwọn onílé àdúgbò rẹ̀, èyí tí kì í yọjú sí tẹ́lẹ̀. Ní ti ìbọn, ó ní òun ṣì ń rò ó. Mo ní kí ó máa rò ó.

Ògún kò ní fi ẹ̀jẹ̀ ará ilé wa wẹ̀. A kò ní fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Àṣẹ.