"Kí Lo Ń Dúró Dè?" Ìbéèrè Tí Wọ́n Bi Kọ̀ǹpútà Lójú Sánmà

Mẹ́káníìkì méjì ló wà láyé. Bí mọ́tò akẹ́rù bá ń ṣe ségesège lójú ọ̀nà Ìbàdàn, tí tòmátì ń rà lórí ẹ̀, mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ á ní, "Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pa á, ká tún un ṣí." Wọ́n á pa á, wọ́n á tún un ṣí, á dún wùùù. Ó gbowó ẹ̀, ó lọ. Mọ́tò ò tíì rìn jìnnà tí ségesège náà tún fi bẹ̀rẹ̀.

Ti mẹ́káníìkì kejì yàtọ̀. "Dírẹ́bà, má pa á o! Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀." Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dẹtí, á fọwọ́ kan ibí, á tẹ ọ̀hún wò. Kó tó mú sípánà, ó ti mọ ibi tí àrùn wà. Ṣé ẹ mọ ìdí ẹ̀? Bí wọ́n bá ti pa ẹ́ńjìnnì, ariwo tó fẹ́ gbọ́ náà ti bá a lọ nìyẹn. Òkú ò sọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, irú mẹ́káníìkì kejì yìí wà nídìí kọ̀ǹpútà náà. Ìtàn tó ṣe wọ́n láǹfààní jù lọ ṣẹlẹ̀ lóṣù karùn-ún ọdún 1999, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn kankan ò le dé. Àmọ́ kí ìtàn náà tó yéni, ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń jẹ́ ògbufọ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

ÒGBUFỌ̀ INÚ Ẹ̀RỌ

Kọ̀ǹpútà ò gbọ́ èdè èèyàn. Iná tó ń tàn, iná tó ń kú, ìyẹn nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rán an níṣẹ́ á kọ àṣẹ sílẹ̀ lédè tó jọ ti èèyàn díẹ̀, wọ́n á sì wá ohun tó máa túmọ̀ ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ìtumọ̀ yìí ń gbà. Ọ̀kan dà bí akọ̀wé tó gba odindi lẹ́tà, tó gbé e lọ sílé, tó túmọ̀ ẹ̀ látòkè délẹ̀, tó wá gbé e padà. Èkejì dà bí ògbufọ̀ tó máa ń dúró láàárín ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àti ọba láyé ìjọsí. Gbólóhùn kan á jáde lẹ́nu òyìnbó, ògbufọ̀ á túmọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọba á fèsì, á tún túmọ̀ ìyẹn náà. Irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń bá àwọn èdè kọ̀ǹpútà bíi Lisp, Python àti Lua ṣiṣẹ́.

Ògbufọ̀ yìí kì í fi orí lásán ṣiṣẹ́ o. Ó ní ìwé tó ń kọ nǹkan sí: orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n fún un tọ́jú, iye tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹni tó rán an, àti ibi tó máa padà sí tó bá ṣe tán. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni alájọ ṣe ń fi káàdì mọ ẹni tó dá tàná àti ẹni tí ò dá a. Ẹni tó bá le wo ìwé ògbufọ̀ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Ẹni tí ò le wò ó, àfọ̀rọ̀rò ni tiẹ̀.

Lisp ló dàgbà jù nínú àwọn mẹ́ta yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n John McCarthy ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1958, ní iléèwé gíga MIT ní Amẹ́ríkà. McCarthy kọ bí ògbufọ̀ ṣe le máa túmọ̀ àṣẹ náà sórí ìwé, ó rò pé àlàyé lásán ni. Steve Russell tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló wò ó pé ohun tí wọ́n kọ yìí ṣeé gbé sínú ẹ̀rọ. Ó gbé e sínú kọ̀ǹpútà IBM 704, ó sì ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, èèyàn le jókòó ti Lisp bí ìgbà téèyàn jókòó ti ọmọ iṣẹ́ ẹ̀: á bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan, á dáhùn, á tún dúró de òmíràn.

ỌKỌ̀ TÓ LỌ JÌNNÀ

Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1998, àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ kan lọ sí gbalasa òfuurufú láti Cape Canaveral ní Florida. Deep Space 1 lorúkọ ẹ̀. Kò séèyàn kankan nínú ẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó dán irinṣẹ́ tuntun 12 wò, kí wọ́n le mọ èyí tó ṣeé fọkàn tán.

Ọ̀kan nínú irinṣẹ́ náà kì í ṣe irin rárá. Àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà ni, wọ́n pè é ní Remote Agent. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó wà nílẹ̀ ló máa ń sọ gbogbo nǹkan fún ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: yí sí ọ̀tún, ya fọ́tò, pa iná. Ti Remote Agent ò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fún un, òun fúnra ẹ̀ á ronú bó ṣe máa ṣe é, bí ọmọ iṣẹ́ tó ti tó ṣe fríìdọ̀mù. Àwọn ọ̀mọ̀ràn ní JPL àti ní Ames, àwọn ibùdó NASA méjì ní California, ló ṣe é. Èdè Lisp ni wọ́n sì fi kọ ọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún, ọdún 1999, wọ́n gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Lásìkò yẹn, ọkọ̀ ti fi ayé sílẹ̀ ju 60 mílíọ̀nù máìlì lọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi rédíò sọ sí i ń lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kó tó débẹ̀, èsì náà á tún lo bẹ́ẹ̀ kó tó padà. Ẹni tó bá bi í pé "Ṣé o wà níbẹ̀?" le ra àkàrà, kó jẹ ẹ́ tán, kó tún mumi sí i, kí èsì tó dé.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wàhálà dé. Ó yẹ kí Remote Agent pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní àkókò kan. Àkókò kọjá, kò pa á. Kò kú, kò sùn, kò sì ṣiṣẹ́. Ó kàn dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sọ́jà tó dúró síbi òṣèré.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Kò sí mẹ́káníìkì tó le gun àkàbà débẹ̀. Bí wọ́n bá sì pa Remote Agent kí wọ́n tún un ṣí lójú ẹsẹ̀, ìwé tó wà lọ́wọ́ ògbufọ̀ á nù, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ohun tó mú un. Ohun tó bá sì mú un lónìí le tún mú un lọ́la.

Ohun tó kó wọn yọ ni pé fèrèsé ìbéèrè Lisp wà ní ṣíṣí nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n fi rédíò rán ìbéèrè lọ, ògbufọ̀ sì fèsì: iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyí, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí nìyí, ohun tí kálukú ń dúró dè nìyí. Ron Garret, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣiṣẹ́ náà, ti sọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn pé fèrèsé ìbéèrè yìí ṣe wọ́n láǹfààní tí ò ṣeé fowó rà.

ÌYÁ TÓ Ń DÚRÓ DE MỌ́TÒ

Kí ni wọ́n wá rí? Ó jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Ìyá kan ń retí mọ́tò tó kó ẹrù ẹ̀ bọ̀. Ó yọjú wo títì, mọ́tò ò tíì dé. Ó ní, "Kò burú, ẹ jẹ́ n fẹ̀yìn lélẹ̀. Tí mo bá gbọ́ fèrè, màá dìde." Ó yí padà, ó ń tẹ́ ẹní. Àsìkò tó ń tẹ́ ẹní yẹn gan-an ni dírẹ́bà fun fèrè. Ìyá ò gbọ́. Ó dùbúlẹ̀, ó ń retí fèrè tí wọ́n ti fun kọjá. Bó sùn títí di ọjọ́ àjíǹde, fèrè yẹn ò ní dún mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Apá kan nínú Remote Agent wo ìwé bóyá ìròyìn ti dé. Kò rí i, ló bá fẹ́ lọ dúró. Láàárín wíwò àti dídúró, ìròyìn dé, kò mọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó kọ àṣẹ náà ti ilẹ̀kùn mọ́ wíwò àti dídúró papọ̀, kí nǹkan kan má le gba àárín wọn kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n gbàgbé. Àlàfo náà kéré débi pé gbogbo ìdánwò tí wọ́n ṣe nílẹ̀ kó tó lọ, kò hàn.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà yẹ fún àkíyèsí. Wọn ò fìkánjú rán àṣẹ tuntun sókè. Wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé kò wọ́pọ̀ kó tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó kù. Àtúnṣe tí wọn ò tíì dán wò dáadáa le wá di ọ̀ràn tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n fún un níṣẹ́ míì. Nígbà tó fi di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, ó ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe pátá. Ọkọ̀ náà tẹ̀síwájú, ó lọ ya fọ́tò ìràwọ̀ onírù tó ń jẹ́ Borrelly lóṣù kẹsàn-án ọdún 2001, kí wọ́n tó fòpin sí ìrìn àjò ẹ̀ lóṣù kejìlá ọdún yẹn.

Ibì kan wà nínú ìtàn yìí tó dunni o. Lọ́dún 1997, kí ọkọ̀ tó lọ, àwọn kan ní Ames tí Klaus Havelund wà lára wọn ti yẹ apá kan nínú àṣẹ náà wò, wọ́n sì rí irú àṣìṣe yìí kan náà níbòmíì nínú ẹ̀. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe. Àmọ́ ẹ̀yà ẹ̀ sá pamọ́ sí yàrá tí wọn ò yẹ̀ wò. Ẹni tó pa eku kan nínú ìsọ̀ tí kò wo abẹ́ àpò ìrẹsì yòókù, ìrẹsì ẹ̀ ò tíì bọ́.

TÒNÍ ŃKỌ́?

Kì í ṣe ojú sánmà nìkan lọ̀rọ̀ wà mọ́. Python tí Guido van Rossum ọmọ ilẹ̀ Netherlands bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọdún 1989, tó sì gbé jáde lọ́dún 1991, wà nídìí iṣẹ́ púpọ̀ lónìí. Òun náà ní fèrèsé tiẹ̀. Èèyàn le bi ògbufọ̀ ẹ̀ léèrè gbogbo orúkọ tó mọ̀ àti iye tó wà nínú wọn. Láti ọdún 2014, ó tún ní irinṣẹ́ kan, tracemalloc, tó máa ń fi ìlà àṣẹ tó ń jẹ àyè inú kọ̀ǹpútà hàn, bí ìgbà téèyàn bá mọ ọmọ tó ń bu ẹran nínú ìkòkò. Python 3.14 tó jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2025 wá gbà kí onímọ̀ yọjú wo ògbufọ̀ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, láì pa á rárá.

Ṣùgbọ́n fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, olè náà le gba ibẹ̀. Ẹni tó bá le bi ògbufọ̀ léèrè ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ le rí ohun ìkọ̀kọ̀, ó sì le pàṣẹ tí kò yẹ fún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe Python fi ṣe kọ́kọ́rọ́ sí i, kí ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n yọjú wo tiẹ̀ le tì í pa.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tí yóò máa ka ọjà àti gbèsè nínú ìsọ̀, kó má bèèrè iye owó nìkan. Kó bi ẹni tó ń tà á pé, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá dákẹ́ lójijì lọ́jọ́ ọjà, kí lẹ máa ṣe?" Tó bá ní, "Ẹ kàn pa á, kẹ́ ẹ tún un ṣí," ẹ rántí mẹ́káníìkì àkọ́kọ́. Tó bá ní òun le wo inú ẹ̀ kóun tó fọwọ́ kàn án, tó sì le sọ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ fèrèsé náà, ẹ jọ máa dúnàádúrà.

Ọmọ iṣẹ́ tó dúró gàgà láàárín ìsọ̀ náà ńkọ́? Ìgbátí kọ́ ló kọ́kọ́ kàn. Ẹ bi í pé kí ló ń dúró dè. Ó le jẹ́ fèrè tí wọ́n ti fun kọjá ló ń retí.