Ìmúdójúìwọ̀n Kì Í Ṣe Ọ̀tá Èdè Wa

Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò jìnnà sí òwe yìí. Ó dá lórí àwọn ìkànnì tí a fi ń gbé èdè Yorùbá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti bí iṣẹ́ ọwọ́ wa lórí wọn ṣe ń pòórá nígbàkúùgbà tí àwọn tó ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí a ń lò bá gbé ẹ̀dà tuntun jáde.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. WordPress ni orúkọ ètò kan tí Matt Mullenweg àti Mike Little gbé jáde ní ọdún 2003. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi kọ́ ìkànnì. Ohun tó ń mú kí ojú ìkànnì kan yàtọ̀ sí òmíràn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní theme. Aṣọ ìkànnì ni mo kà á sí. Òun ló ń sọ irú lẹ́tà tí a ó rí, àwọ̀ tí ojú-ewé yóò ní, àti àyè tí yóò wà láàárín ìlà kan sí ìkejì.

Aṣọ tí a rà lọ́jà kì í sábàá bá wa mu tán, nítorí pé àwọn tó rán an kò ní èdè Yorùbá lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń gé e. Ẹ wo lẹ́tà bíi ẹ́ tàbí ọ̀: àmì ohùn wà lókè, àmì mìíràn sì wà nísàlẹ̀. Nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń so lẹ́tà mọ́ àmì ohùn. Bí fọ́ǹtì tí theme yàn kò bá mọ ìsopọ̀ yìí í ṣe, àmì ohùn yóò yẹ̀ kúrò lórí fáwẹ̀lì, yóò lọ bà sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Bí àwọn ìlà bá sì fún mọ́ra jù, àmì orí lẹ́tà ńlá lè gé. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà yóò gbà pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ni ìkànnì Yorùbá fi máa ń tún theme ṣe. Àléébù ibẹ̀ ni pé inú fáìlì theme gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe àtúnṣe náà sí. Wọn á ṣí style.css, wọn á pààrọ̀ orúkọ fọ́ǹtì, wọn á fẹ àyè àárín ìlà, ojú-ewé á sì dùn ún wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba ẹ̀dà tuntun theme yẹn, kọ̀ǹpútà yóò pa àpò fáìlì àtijọ́ rẹ́, yóò fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Kò ní béèrè ohun tí wọ́n fi kún un. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 tí ẹ̀dà 5.5 ti jáde, ènìyàn tilẹ̀ lè ní kí theme máa ṣe ìmúdójúìwọ̀n fúnra rẹ̀. Àtúnṣe lè tipa bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí onílé ń sùn.

Àdánù yìí ló ń mú kí àwọn kan búra pé àwọn kò ní gba ẹ̀dà tuntun mọ́. N kò ní sọ pé ìbẹ̀rù wọn kò ní ìdí. Nígbà tí WordPress 2.2 jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, ìlà kan wọ inú fáìlì ìṣètò rẹ̀ tó ń sọ irú ìlànà lẹ́tà tí ìkànnì ń lò. Àwọn tó da ìlà náà kọ láìkọ́kọ́ tún àká ìsọfúnni wọn ṣe rí i tí lẹ́tà wọn dàrú: ẹ di áº¹, ṣ sì di á¹£. Ta ni yóò rí irú èyí tí ẹ̀rù kò ní bà?

Síbẹ̀, kíkọ ìmúdójúìwọ̀n burú jù ú lọ. Ní ìparí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, ẹ̀dà 4.7.2 jáde láti dí ihò kan tó wà nínú 4.7 àti 4.7.1. Ihò náà fún àjèjì ní ààyè láti yí ohun tí a kọ padà láìní ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ba ọ̀kẹ́ àìmọye ojú-ewé jẹ́ lórí àwọn ìkànnì tí kò tíì gba àtúnṣe náà. Bí ẹnìkan bá fi ọdún mẹ́wàá kó oríkì àti ìtàn jọ sórí ìkànnì, tí ó wá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí nítorí kí fọ́ǹtì má baà lọ, kí ló kù tó ń dáàbò bò?

Èrò tèmi ni pé kí a ya ohun tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fi kún un. WordPress ní ọ̀nà fún èyí: child theme, ìyẹn theme ọmọ. A ó dá àpò fáìlì tuntun sílẹ̀, a ó fi style.css sínú rẹ̀, a ó sì kọ orúkọ àpò fáìlì òbí sí iwájú ọ̀rọ̀ náà Template. Ọmọ yóò jogún ohun tí òbí ní, ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ bá ti ní fáìlì ojú-ewé tirẹ̀, ti ọmọ ni a ó lò. Bí ẹ̀dà tuntun òbí bá dé, kò ní fọwọ́ kan àpò ọmọ. Kìkì pé kí a má da gbogbo fáìlì òbí kọ, nítorí fáìlì tí a bá dà kọ kò ní rí àtúnṣe tí òbí bá ṣe lẹ́yìn náà gbà.

Ẹni tí kò fẹ́ dá fáìlì sílẹ̀ lè kọ CSS tirẹ̀ sí ààyè tí ẹ̀dà 4.7 pèsè fún un ní oṣù kejìlá ọdún 2016. Inú àká ìsọfúnni ni ó ń gbé, nítorí náà ìmúdójúìwọ̀n theme kò lè pa á rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í bá wa lọ bí a bá pààrọ̀ theme pátápátá. Ní ti fọ́ǹtì, láti ẹ̀dà 6.5 ti oṣù kẹrin ọdún 2024, àká fọ́ǹtì kan wà tó dá dúró gedegbe sí theme. Charis SIL àti Gentium, tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́, mọ àmì ohùn wa gbé dáadáa. Kí a sì kọ ìdí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì, ní èdè Yorùbá, kí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa má baà ṣì í yọ dànù.

Ṣùgbọ́n bíbo nǹkan mọ́lẹ̀ nìkan kò tó. Ẹnìkan yóò yí Search padà sí Ṣàwárí lórí ìkànnì tirẹ̀. Ẹlòmíràn yóò tún bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ kan náà látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni wọ́n ń túmọ̀ WordPress sí onírúurú èdè, Yorùbá sì wà lára wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ sí níbẹ̀ ń bá ìmúdójúìwọ̀n lọ sí orí gbogbo ìkànnì tó yan èdè náà. Bí a bá fẹ́ jiyàn lórí Ṣàwárí àti Wá a, ibẹ̀ ni kí a ti jà á, kí ìdáhùn rẹ̀ lè ṣe gbogbo wa láǹfààní. Bákan náà, bí theme kan bá ń gé àmì ohùn wa, kí a kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é. Àwọn ará Vietnam náà ń lo ẹ àti ọ. Àwọn Ígbò ní ọ àti ụ. Àtúnṣe kan yóò tu ọ̀pọ̀ ènìyàn lára.

Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìmúdójúìwọ̀n tó ń gbá iṣẹ́ wa lọ tẹ́lẹ̀ ni yóò máa gbé e kiri ayé. Èdè tí àwọn tó ń lò ó bá fi pamọ́ sí igun ilé wọn nìkan kò ní bá ayé rìn.