Owó-Orí Ní Èdè Wa

Abala 33 nínú ìwé òfin ìpilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1990 sọ pé sísan owó-orí jẹ́ ojúṣe gbogbo ọmọ ìlú. A kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 11 nínú ìwé kan náà fún wa lómìnira láti lo èdè wa, ní sísọ àti ní kíkọ. Kí ló dé tí ìjọba fi rántí èyí tí ó kan àpò wa, tí ó gbàgbé èyí tí ó kan ẹnu wa?

Àwa olùkọ́ kò mọ ìnira náà, nítorí a ti yọ owó-orí tiwa kí owó oṣù tó dé ọwọ́ wa. Oníṣòwò Igolo ni yóò fúnra rẹ̀ kéde iye ọjà tí ó tà lọ́dún, ní èdè Faransé. Bí kò bá lè kà á, yóò bẹ akọ̀wé. Àṣìṣe akọ̀wé, òun ni yóò san ìtanràn rẹ̀.

Àwọn kan ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Irọ́ ni! Ta ni kò mọ èrè, gbèsè àti owó-orí? Ẹ tẹ ìwé náà ní Yorùbá àti Ègùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Faransé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni.