Ọmọ Yín Ní Òun Ń Lọ sí Pápá Míṣọ́n

Bí ọmọ bá wọlé tó ní òun ti rí físà Kánádà gbà, ìyá á kúnlẹ̀ dúpẹ́, bàbá á máa pe ẹbí kiri, bí owó ọkọ̀ òfuurufú kò bá sì tíì pé, wọn á ta ilẹ̀ tó kù. Kí ọmọ kan náà, tó ti kàwé jáde, tó ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, wá jókòó kó ní Olúwa ń rán òun lọ sí orílẹ̀-èdè Niger tàbí Chad, ilé á dàrú. "Ta ló kó sí ẹ lórí?" "Ṣé àwọn tó wà lọ́hùn-ún ò ní pásítọ̀ ni?" Wọn á gba ilé àlùfáà lọ láti lọ bá a fà á. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wọ̀nyí kì í jẹ owó míṣọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n kàn ń fi owó náà rán.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Lóṣù kẹwàá ọdún 2016 ni àwọn agbébọn gbé míṣọ́nnárì ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jeffery Woodke, ní Abalak ní Niger. Ó di oṣù kẹta ọdún 2023 kó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé Fadá Pierluigi Maccalli, ọmọ Ítálì, ní orílẹ̀-èdè yẹn náà ní 2018, ó sì lò tó ọdún méjì lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn sójà gbàjọba níbẹ̀ lóṣù keje ọdún 2023, tí ECOWAS ti ẹnubodè, ẹni tó wà lọ́hùn-ún wà lọ́hùn-ún, ẹni tó wà níbí wà níbí. Òbí tó gbọ́ ìwọ̀nyí tí àyà rẹ̀ kò já, òun gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù.

Àmọ́ ìbínú kì í dá ọmọ tó ti dàgbà dúró. Ó lè dá gba páásípọ́ọ̀tù, ó lè dá lọ wọkọ̀ ní Jibowu. Irọ́ ni ìbínú máa ń kọ́ ọ pa. Mo mọ ìyá kan n'Íbàdàn tó ti búra pé ẹsẹ̀ ọmọ òun ò ní tẹ pápá míṣọ́n. Ọmọ náà gbà lójú rẹ̀, ó ní ìpàgọ́ àdúrà lòun ń lọ n'Ílọrin, ó sì forí lé ìhà àríwá orílẹ̀-èdè Benin. Nígbà tó yá, nọ́ńbà kan tí màmá ò mọ̀ wọlé sórí fóònù. Faransé ni ẹni náà ń sọ, orúkọ ọmọ rẹ̀ nìkan ni màmá dá mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé fóònù sáré lọ bá obìnrin kan tó ń ta aṣọ Cotonou lọ́jà, ibẹ̀ ló ti wá mọ̀ pé ọsibítù ni wọ́n ti ń pè, pé ibà ti dá ọmọ dùbúlẹ̀, wọ́n sì ń bèèrè ẹni tó máa sanwó. Ọmọ náà yè é. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nílé tó mọ ìlú tó wà, torí wọ́n ti ní kó má dárúkọ ìrìn náà létí àwọn mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, pé kí ẹ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kódà bí inú yín kò dùn sí i. Ẹni tó ti lé ọmọ síta kò lè bi í ní ìbéèrè mọ́, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè yín wúlò fún un ju owó yín lọ.

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń rán an. Ẹ má jẹ́ kó fi orúkọ Olúwa dá yín lóhùn. Ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé lẹ fẹ́ mọ̀. Ẹgbẹ́ wo ni? Ibo ni ọ́fíìsì wọn wà? Ìjọ wo ló ń retí rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí sì ni nọ́ńbà ẹni tó máa gbà á sílé? Nàìjíríà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rán míṣọ́nnárì jáde. Àwọn ọ̀dọ́ ló dá Calvary Ministries, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí CAPRO, sílẹ̀ ní Zaria ní 1975, láti 1982 sì ni ẹgbẹ́ NEMA ti kó àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́n jọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó rán an: èdè, àṣà, bí a ṣe ń gbé láàrin àwọn tí ẹ̀sìn wọn yàtọ̀ sí tiwa. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní kí ọmọ di ẹrù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, láìsí ẹ̀kọ́, láìsí ìwé, ẹ ní kó dúró ná. Ẹ bèèrè bóyá owó ọkọ̀ àbọ̀ ti wà nílẹ̀, ta ló máa sanwó ọsibítù, àti pé bí ìlú bá dàrú, ẹnu ta ni àṣẹ á ti jáde pé kí gbogbo wọn máa bọ̀ nílé. Bí aṣáájú kan bá ní ìgbàgbọ́ yín ló kéré tí ẹ fi ń bi òun báyìí, ìdáhùn tí ẹ ń wá ti dé nìyẹn.

Òfin ìlú tó ń lọ ńkọ́? Ní Mòrókò, ẹ̀wọ̀n wà nínú òfin fún ẹni tó bá ń wá bí yóò ṣe fa Mùsùlùmí kúrò nínú ẹ̀sìn rẹ̀, ní 2010 sì ni wọ́n lé ọ̀pọ̀ Kristẹni àjèjì kúrò níbẹ̀. John Allen Chau, ọmọ Amẹ́ríkà, kò ju ẹni ọdún 26 lọ nígbà tó sanwó fún àwọn apẹja lóṣù kọkànlá ọdún 2018 pé kí wọ́n gbé òun lọ sí erékùṣù North Sentinel. Òfin Íńdíà kò gbà kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ ibẹ̀, nítorí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò fẹ́ àlejò, àìsàn kékeré tí ara tiwa sì ti mọ́ lè run gbogbo wọn. Ó kọ lẹ́tà sílẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, ó lọ, àwọn ará erékùṣù náà sì pa á. Àwọn kan ń pè é ní ajẹ́rìíkú. Lójú tèmi o, ìpè kì í ṣe àṣẹ láti rú òfin tó ń dáàbò bo ẹlòmíì.

Àwọn tó ń kó ọmọ tà náà ti gbọ́ èdè ìjọ. Bí ẹni tó ń ṣètò ìrìn bá ní kí ọmọbìnrin yín kó páásípọ́ọ̀tù fún òun, tó ní kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, tó ní owó ọkọ̀ tóun ná á máa yọ díẹ̀díẹ̀ bó bá débẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dúró gbààwẹ̀ lé e lórí. Ẹ gba ọ́fíìsì NAPTIP lọ; tìtorí irú èyí ni ìjọba ṣe dá a sílẹ̀ ní 2003.

Bí gbogbo ìdáhùn bá wá mọ́gbọ́n dání tí ọkàn yín kò sì gbà ńkọ́? Mo máa ń rántí Afala, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Wọ́n kó ọmọ náà lẹ́rú l'Óṣogùn ní 1821, ó di 1846 kí ìyá àtọmọ tó fojú kan ara wọn l'Abẹ́òkúta, iṣẹ́ míṣọ́n ló sì gbé ọmọ débẹ̀. Bí ìyá kan bá lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ọmọ òun má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ́ láyé, Afala ni. Ọmọ ò jókòó. Ó gba orí odò Ọya lọ ní 1854, ó tún lọ ní 1857, ọdún tí ọkọ̀ wọn, Dayspring, forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà tó sì fọ́. Kò sí WhatsApp tí ìyá lè fi mọ̀ bóyá ọmọ wà láyé. Ẹ̀yin lè rí ojú ọmọ tiyín lórí fóònù lálaalẹ́, bí ẹ kò bá ti bínú pa fóònù.

Nítorí náà, ẹ súre fún un kó tó lọ, ẹ má fi ìre náà dúnàádúrà. Ẹ ṣe fọ́tókópì páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sílé, ẹ kọ nọ́ńbà ẹni tó gbà á sílé síbi tí gbogbo ará ilé ti lè rí i, ẹ sì jọ fẹnu kò lórí ọjọ́ tí yóò máa pè. Kó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán, ní ọjọ́ mẹ́wàá kó tó wọ ọkọ̀. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó ayé ẹni. Kó má ra yẹ́lò káàdì lásán lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lẹ́nubodè, torí káàdì kì í wo ibà. Bó bá jẹ́ Niger tàbí Chad ló ń lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó gba ti lọ́rùnlọ́rùn náà. Ẹ má retí pé yóò máa fowó ránṣẹ́ sílé. Ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ló jẹ́ pé ohun tí àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ bá dá jọ lóṣù ni wọ́n fi ń jẹun.

Bó bá dé, ẹ má tíì máa bi í pé ọkàn mélòó ló jèrè, tàbí ìgbà wo ló fẹ́ gbéyàwó. Ẹ jẹ́ kó sinmi. Bí ara rẹ̀ bá sì gbóná láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó dé, ẹ sọ orúkọ ìlú tó ti ń bọ̀ fún dókítà kó tó kọ oògùn.