Ọ̀rọ̀ Tí Kò Ní Orúkọ Ẹni Tó Kọ Ọ́



Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2014, fóònù dún ní òru ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Nàìjíríà. Ẹni tó pè kò ròyìn òkú, kò sì ròyìn ìbímọ. Ohun tó wí ni pé kí onílé dìde kíákíá, kí ó gbé omi kaná, kí ó da iyọ̀ sí i, kí gbogbo ilé fi wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí àrùn Ebola tó ti wọ Èkó. Ìyá pe ọmọ, ọmọ pe àbúrò, àbúrò fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní orílẹ̀-èdè wa lẹ́yìn tí wọ́n mu omi iyọ̀. Kì í ṣe Ebola ló pa wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò buwọ́ lù ló pa wọ́n.

Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìfẹ́ ló gbé ọ̀pọ̀ wọn dìde lórí ẹní. Bí ìyá ẹni bá pè ní aago mẹ́ta òru pé kí a da iyọ̀ sómi, ta ni yóò bi í pé, “Màmá, ta ló sọ fún yín?” Ẹ̀kọ́ ilé tí a fi tọ́ wa kò jẹ́ kí ó rọrùn. Ibẹ̀ gan-an sì ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà wọlé. Ẹnu ẹni tí a fẹ́ràn ni yóò gbà wá, yóò sì máa kán wa lójú pé àkókò ti lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú òru omi iyọ̀ yẹn, obìnrin kan ti ṣe òdìkejì rẹ̀ ní Èkó. Patrick Sawyer wọ Èkó láti Liberia ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014 pẹ̀lú àìsàn lára. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn First Consultant ní Obalende. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò bá ẹni tó ní Ebola pàdé. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n Dókítà Ameyo Adadevoh kò gbà pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó wádìí ibi tí ọkùnrin náà ti ń bọ̀, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn ńlá ń fúngun mọ́ ọn. Kò ní oògùn Ebola lọ́wọ́. Ìbéèrè ló ní. Àrùn náà pa òun náà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà. Ènìyàn 8 ló kú lápapọ̀. Ní Guinea, Liberia àti Sierra Leone, àwọn tó kú lé ní 11,000. Ẹ jẹ́ ká ronú sí ìyàtọ̀ yẹn.

Ní ọ́fíìsì ìjọba, bí ìwé kan bá dé orí tábìlì tí kò ní ọjọ́, tí kò ní orúkọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì buwọ́ lù ú, inú fáìlì ni yóò jókòó sí. Akọ̀wé tó kéré jù lọ mọ̀ pé a kì í fi irú rẹ̀ ná kọ́bọ̀ ìjọba. (Bóyá gbogbo kọ́bọ̀ ìjọba ni a ń fi ìwé tó péye ná, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn.) Ṣùgbọ́n akọ̀wé yìí kan náà, bó bá délé ní ìrọ̀lẹ́, yóò gba ọ̀rọ̀ tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá lórí WhatsApp, yóò sì ti fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ akọrin, sí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, àti sí àwọn tí wọ́n jọ jáde ní girama, kí ó tó bọ́ bàtà. Orí kan náà ló gbé lọ sí ọ́fíìsì tó tún gbé bọ̀ wálé. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ohun èlò máa ń kọ́ ẹni tó ń lò ó ní ìwà. Kí fóònù alágbèéká tó gbòde ní Nàìjíríà láti ọdún 2001, lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ àwọn ará Èjìgbò tó wà ní Àbíjàn fi ń bá ilé sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ wálé ni yóò bá wọn mú un bọ̀. Wọn yóò wá ọmọ ilé-ìwé tí yóò kà á fún ìyá àgbà. Ìyá àgbà yóò ní kó tún un kà. Yóò tún dá a dúró pé, “Ibi tó ti sọ̀rọ̀ owó yẹn, kí ló wí gan-an?” Yóò wo ọwọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́, yóò bi ẹni tó mú un wá léèrè bí ara ọmọ òun ṣe rí. Wọn yóò sùn, wọn yóò jí, kí wọ́n tó fèsì. Ìyá náà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò.

Fóònù kò ní sùúrù yẹn. O kàn tẹ ibì kan, ọ̀rọ̀ ti lọ. Bí o kò bá fèsì, wọn yóò bi ọ́ pé kí ló dé, nítorí wọ́n ti rí i pé o ti kà á. Ọwọ́ á kọ́ láti yára ju làákàyè lọ, bó bá sì ṣe díẹ̀, làákàyè á fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọwọ́. Mo ń rí i nínú ìjọ pẹ̀lú. Ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo, tí wọ́n kọ sára àwòrán òdòdó, ni ọ̀pọ̀ wa ń rí kà láàárọ̀, a ó sì ní a ti ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Orí tí ẹsẹ náà ti wá ńkọ́? Ta ni wọ́n sọ ọ́ fún? Kí ló ṣáájú rẹ̀?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Èmi kò bá fóònù jà. Ìyá tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì lè mú kí lẹ́tà Bíbélì tóbi lórí rẹ̀, àgbẹ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn sì lè bèèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀gẹ́ lọ́jà kí ó tó wá ọkọ̀ tí yóò kó tirẹ̀. Ọwọ́ tó yára yìí ni mo ń bá wí, nítorí àwọn oníjìbìtì ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2015 ni MMM ti Sergei Mavrodi, ará Rọ́ṣíà, wọ Nàìjíríà. Èlé 30 nínú 100 lóṣooṣù ni wọ́n ṣèlérí. Ẹni tó bá bèèrè orúkọ ọkùnrin náà ì bá ti gbọ́ pé MMM rẹ̀ ti wó lulẹ̀ ní Rọ́ṣíà ní ọdún 1994. Ìjọba kìlọ̀, a kò gbọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, nígbà tí Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí ọ̀pọ̀ kò ṣe nígbà náà. Bí o bá fi ₦10,000 sílẹ̀, tí èlé 30 nínú 100 ń gun orí ara wọn, ní oṣù kìíní yóò di ₦13,000, ní oṣù kejì ₦16,900, ní oṣù kẹta ₦21,970. Nígbà tí ọdún bá fi yípo, yóò ti lé ní ₦232,000. Ní òpin ọdún kejì, yóò ti kọjá mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Kòkó kì í so bẹ́ẹ̀, òwò Àbíjàn kì í mówó wọlé bẹ́ẹ̀. Níbo wá ni owó náà yóò ti wá? Láti àpò ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ ni. Èyí ni mo fẹ́ kí àwa tí a ń pariwo ìdájọ́ òdodo gbọ́ dáadáa: ẹni tó tètè wọlé, tó sì tètè jáde, owó opó tó wọlé gbẹ̀yìn ló kó lọ, bó tilẹ̀ san ìdámẹ́wàá lórí rẹ̀.

Ó lé ní ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CBEX tún wó. Ìlérí tirẹ̀ ni láti sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tó ń ronú bí ènìyàn ló ń bá wọn ṣòwò náà. Àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n kó àga àti tábìlì. Ìṣirò kan náà ni, fóònù tuntun ni.

Àwọn kan yóò ní àdúrà ti tó, pé Ẹ̀mí yóò fi hàn wá. Mo gbà pé Ẹ̀mí ń fi hàn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Berea inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló wàásù fún wọn, síbẹ̀ wọ́n ń yẹ ìwé wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ohun tó wí rí, Lúùkù sì yìn wọ́n fún un. Bí a bá lè yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù wò, kí ni ti ẹni tí a kò mọ̀ rí lórí WhatsApp?

Àwọn mìíràn ní àgbà kò tún lè kọ́ nǹkan tuntun. Ní Èjìgbò tiwa níbí! Ẹ rìn wọ ọjà, ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu ìyá tí kò jókòó ní kíláàsì rí. Ó ti dàgbà, ó ti bímọ, kí ó tó tẹ Àbíjàn. Nídìí ọjà ló ti kọ́ èdè náà, ó sì lè sọ sẹ́fà di náírà lórí kí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó yọ fóònù jáde. Ìjọ pàápàá, iṣẹ́ kíkọ́ àgbà níwèé kì í ṣe tuntun sí i. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta, kí àwọn ènìyàn lè kọ́ àṣà wíwá ìmọ̀ nínú ìwé kíkà. Bíbélì Yorùbá tí Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe làálàá lé lórí jáde lódindi ní ọdún 1884. Lẹ́yìn náà, àwọn bàbá àti ìyá tí irun wọn ti funfun fi ìka tẹ̀lé a, b, d ní kíláàsì ọjọ́ Ìsinmi, kí wọ́n lè kà á fúnra wọn. Pọ́ọ̀lù tó wà lẹ́wọ̀n, tó mọ̀ pé ikú òun ti sún mọ́lé, ṣì ń ránṣẹ́ sí Tímótì pé kó mú àwọn ìwé òun bọ̀.

Ìjọba Ọ̀ṣun gbìyànjú tirẹ̀ ní ọdún 2013, nígbà Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, pẹ̀lú Ọpọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n kó ìwé tó lé ní 50 sínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ girama. Èrò náà dára. Àwọn ọmọ ni wọ́n fún. Bàbá àti ìyá lọ ra fóònù tiwọn lọ́jà, ẹni tó tà á fún wọn sì kọ́ wọn bí a ṣe ń tàn án àti bí a ṣe ń pa á. Ó parí síbẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìjọ kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, ní Èjìgbò, ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, àti ní gbogbo abúlé agbègbè wa, ni pé kí a ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì. Kí olúkúlùkù mú fóònù rẹ̀ wá, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ náà. A ó kà á pa pọ̀ láti òkè délẹ̀. Ta ló kọ ọ́? Nígbà wo? Ta ni yóò jèrè bí a bá gbà á gbọ́? Kí ló dé tó fi ń kán wa lójú? A ó wo àmì ọfà méjì tí WhatsApp máa ń fi sí ọ̀rọ̀ tó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ọfà méjì, ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ọ kọ́ ló kọ ọ́. A ó kọ́ àwọn òbí wa pé ẹ̀rọ ti lè sọ̀rọ̀ báyìí ní ohùn pásítọ̀, tàbí ní ohùn ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Bí “ọmọ” bá fi nọ́ńbà àjèjì pè fún owó, kí wọ́n gé e, kí wọ́n pe nọ́ńbà tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n má sì sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì báńkì wọn fún ẹnikẹ́ni, ìbáà pe ara rẹ̀ ní mánijà.

Àwa tí a ń gun orí pẹpẹ náà wà nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe ka ọ̀rọ̀ orí fóònù sétí ìjọ láìmọ ẹni tó kọ ọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kàwé ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Èjìgbò lè kọ́ wa ní èyí tó jẹ mọ́ ẹ̀rọ. Àwọn ìyá ọlọ́jà ni kí wọ́n darí ìṣirò, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá, tí ó jẹ́ pé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni wọ́n fi ń tàn án jẹ, iwájú ni kí ẹ fi í jókòó sí. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò máa darí wákàtí náà ní ìjọ yín, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ kí oṣù yìí tó parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i.